Ẹyẹ Dití, Ó Tún Gbọ́ràn. Èèyàn Dití, Ó Di Gbére!

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ etí ni. Kì í ṣe ti òfófó o! Etí tí Ọlọ́run fi sí ẹ̀gbẹ́ orí wa lọ́tùn-ún lósì yìí gan-an ni mò ń wí. Ìjà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ló sì gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà ní Iléṣà tó jẹ́ pánẹ́lì-bítà. Ilẹ̀kùn mọ́tò tó bá wọnú, tó rí bí ẹni pé akọ màlúù ló kàn án, bí Bàbá bá fi òòlù rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ fún wákàtí méjì, ẹ ó rò pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé e dé láti òkè òkun ni. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Bàbá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Gbàgà! gbàgà! gbàgà! láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, irin lórí irin.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìyá oníṣòwò kan wá gba mọ́tò rẹ̀. Ó ti san díẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni mo mú wá lónìí, màá mú èyí tó kù wá lọ́jọ́ Sátidé." Bàbá ní kò burú. Ìyá ka owó sílẹ̀. Bàbá wo owó, ó wo ìyá. "Ìyókù ńkọ́? Ṣebí mẹ́jọ lo pè!" Ìyá ní mẹ́ta ni òun pè. Bàbá ní mẹ́jọ ni. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di èébú. Ni ọmọ iṣẹ́ Bàbá kan, ọmọdékùnrin tó ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ rẹ̀, bá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mẹ́ta ni màmá pè lóòótọ́."

Háà! Ọmọ fọwọ́ kan imú ìkà. Bàbá ní ó ti gba rìbá lọ́wọ́ oníbàárà, ó ń pe ọ̀gá rẹ̀ ní òpùrọ́ lójú ayé. Ó ní kó di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Ọmọ bẹ̀ títí, kò gbọ́. Ọmọ náà ń sunkún lọ, àpótí òòlù wà lórí rẹ̀.

Èmi náà wà níbẹ̀. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Mẹ́ta ni ìyá yẹn pè.

ÒṢOGBO LÁÀÁRỌ̀ KÙTÙ

Ó ku díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ẹbí wa kan bímọ ní Òṣogbo. Èmi àti Bàbá gba ọ̀nà Ìbòkun lọ láti ìrọ̀lẹ́, a sùn síbẹ̀, kí a lè bá wọn sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, Bàbá ní ká jọ nasẹ̀ díẹ̀. Ilé tí a sùn kò jìnnà sí igbó Ọ̀ṣun. Ẹ̀yin náà kúkú mọ igbó yẹn. Ìjọba àpapọ̀ ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1965. Susanne Wenger, tí à ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, jà fún un kí wọ́n má gé igi ibẹ̀ tán títí ó fi kú ní 2009. Àjọ UNESCO náà sì kà á mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2005. Nítorí pé wọn kò gé igi ibẹ̀, ẹyẹ kò kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹyẹ ń ké láàárọ̀ ọjọ́ yẹn! Ọ̀pẹ kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn ẹ̀gà ti so ìtẹ́ rẹpẹtẹ mọ́ ìmọ̀ rẹ̀. Ariwo wọn pọ̀ bí ọjà Àtàkúmọ̀sà nígbà tí ọdún bá ku ọ̀la. Láti inú igbó, òmíràn ń súfèé, òmíràn ń dáhùn. Mo dúró, mò ń gbádùn ara mi.

Bàbá náà dúró. Ó wo òkè, ó wo igbó. Ó ní, "Ibí yìí mà dákẹ́ o. Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹyẹ máa ń ké níbí gan-an. Ṣé wọ́n ti pa wọ́n jẹ tán ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dà bí àlá létí mi. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Mo kàn ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká padà sílé."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú ni pé nígbà tí a délé tí àwọn onílù wọlé, etí Bàbá ṣí sílẹ̀ kedere. Onídùndún kan fojú rí i pé àlejò láti Iléṣà ni, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù ki ọmọ Obòkun. Bàbá dìde, ó jó, ó ń túmọ̀ ohun tí ìlù ń wí fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì ṣì í. Nígbà tó jókòó, ó fẹnu sí mi létí pé, "Ìwọ ọmọ yìí tó ń wò mí bí adití láti àárọ̀, ṣé o rí i pé kò sóhun tó ṣe etí mi?"

Kí ló dé tí ẹni tí kò gbọ́ igba ẹyẹ lórí ọ̀pẹ fi gbọ́ ìlù, tó tún ń túmọ̀ rẹ̀? Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo bi dókítà tó mọ̀ nípa etí, mo sì ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa etí èèyàn àti etí ẹyẹ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ kàn gbogbo wa.

ETÍ TIWA, ETÍ TI ẸYẸ

Ohùn kì í ṣe nǹkan mìíràn ju pé afẹ́fẹ́ ń gbọ̀n. Ẹ fọwọ́ kan awọ ìlù nígbà tí wọ́n bá ń lù ú, ẹ ó rí i pé ó ń gbọ̀n. Bó bá ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ohùn á nípọn. Bó bá ń gbọ̀n kíákíá, ohùn á tín-ínrín. Bí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 150 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti obìnrin máa ń tó 200. Orin ọ̀pọ̀ ẹyẹ kéékèèké wà lókè réré, láti 2,000 lọ sókè.

Ẹ lè rò pé etí ẹyẹ ju tiwa lọ ní gbogbo ọ̀nà. Rárá o! Etí ọmọ èèyàn tí kò tíì bàjẹ́ lè gbọ́ láti 20 títí dé 20,000. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ tó ń kọrin kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó bá ti kọjá 8,000 sí 10,000, ìlù tó bá sì nípọn jù kì í yé wọn tó bó ṣe ń yé wa. Bó bá jẹ́ ti bí etí ṣe fẹ̀ tó ni, àwa la ni ọjà tó tóbi jù. Ìyàtọ̀ wa wà nínú ohun tí oníkálukú ń rà nínú ọjà náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ti èèyàn ná. Bí ìyá alátà kan ní Ọjà-Ọba Òṣogbo bá fi ohùn tín-ínrín pe "igbá", tí ọkọ rẹ̀ tí ohùn rẹ̀ nípọn bí ìyá-ìlù tún pe "igbá", ta ló máa sọ pé ìyàwó pe igbá, ọkọ pe igba? Kò sí. Ohùn òkè ti ọkọ lè wà nísàlẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ ti ìyàwó pàápàá, síbẹ̀ kò ní dà wá láàmú. Kì í ṣe bí ohùn ṣe ga tó ni à ń gbọ́. Bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni à ń tẹ̀ lé. Ìdí nìyẹn tí ìyá-ìlù àti gángan fi lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn gángan ta ju ti ìyá-ìlù lọ. Èyí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Òyìnbó tó bá mọ orin kan, bí wọ́n bá gbé e sókè tàbí tí wọ́n gbé e sílẹ̀, ó mọ̀ pé orin náà ni.

Ẹyẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, Stewart Hulse ti Yunifásítì Johns Hopkins, kọ́ ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní starling láti dá orin mọ̀. Ẹyẹ náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé orin kan náà sókè díẹ̀ ju bó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹyẹ kò mọ̀ ọ́n mọ́! Létí rẹ̀, orin mìíràn ni. Ní 2016, Micah Bregman, Aniruddh Patel àti Timothy Gentner wá rí ohun tí ẹyẹ náà ń gbọ́. Àwọ̀ ohùn ló ń dì mú, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí àwa náà mọ "a" yàtọ̀ sí "i", kódà bó jẹ́ orí ohùn kan náà la ti pè wọ́n. Bí wọ́n bá dá àwọ̀ yẹn sí, tí wọ́n ba gíga ohùn jẹ́, ẹyẹ ṣì ń mọ orin náà. Bí wọ́n bá dá gíga ohùn sí, tí wọ́n yí àwọ̀ padà, ó parí!

Èyí fi hàn pé bí starling bá jókòó síbi ìsọmọlórúkọ wa ní Òṣogbo, tí ìyá-ìlù wí, tí gángan sì gbè é lẹ́sẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó rò pé ọ̀rọ̀ méjì tí kò tan mọ́ra ni wọ́n ń sọ.

Ẹ̀GÀ Ń SỌ̀RỌ̀, A NÍ Ó Ń PÀTÓTÓ

Ẹ má fi ìyẹn fojú kéré ẹyẹ o. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹ̀gà ń sọ èdè tirẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ ọ ló ní ó ń pàtótó. Àṣé òótọ́ pọ́ńbélé ni!

Ọ̀jọ̀gbọ́n Robert Dooling ní Yunifásítì Maryland, Amẹ́ríkà, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí etí ẹyẹ. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi hàn pé zebra finch, ẹyẹ kékeré ilẹ̀ Ọsirélíà tó jọ ológoṣẹ́, lè gbọ́ ìyípadà inú ohùn tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìdá kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ pín ìgbà tí ẹ fi ń pe "gbì" sí wẹ́wẹ́wẹ́, títí kò fi sí ohun tí ojú rí mọ́; ibẹ̀ ni ẹyẹ yìí ti ń gbọ́ tirẹ̀. Etí tiwa kò lè yára tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a pè ní pàtótó, ọ̀rọ̀ ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́.

Ohun kan tún pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 2020, Dooling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún sọ pé bí wọ́n bá to gbólóhùn orin zebra finch padà, tí wọ́n fi ti ẹ̀yìn síwájú, ó ṣòro fún ẹyẹ náà láti mọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yí ohun kín-ń-kín nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, ojú ẹsẹ̀ ló mọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: "Ajá bu ọmọ jẹ" ni àwa gbọ́, a sáré lọ wá oògùn ajá dìgbòlugi. "Ọmọ bu ajá jẹ" ni a gbọ́, àwa oníwèé ìròyìn á sáré lọ ya fọ́tò! Bí a ṣe to ọ̀rọ̀ ni ìtumọ̀ wà fún wa. Fún ẹyẹ yẹn, inú ohùn kọ̀ọ̀kan gan-an ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí.

ÌDÍ TÍ BÀBÁ FI GBỌ́ ÌLÙ TÍ KÒ GBỌ́ ẸYẸ

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bàbá. Nínú etí wa lọ́hùn-ún, ibì kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín. Irúgbìn kéékèèké bí 15,000 ló tò síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan hu irun lórí. Bí ohùn bá wọlé, irun yìí á mì, á ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló ń gbọ́ ohùn tó tín-ínrín, àwọn tó wà nínú pátápátá ló ń gbọ́ èyí tó nípọn.

Ariwo líle máa ń tẹ irun yìí lulẹ̀ bí ìgbà tí àwọn èèyàn bá ń gba orí koríko kọjá. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á dìde padà. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, á kú, ibẹ̀ á di ojú ọ̀nà. Àwọn tí ariwo kọ́kọ́ máa ń pa ni àwọn tó ń gbọ́ ohùn bí 4,000. Ṣé ẹ rí i? Ibẹ̀ gan-an ni orin ẹyẹ wà! Ibẹ̀ náà sì ni ohùn bíi "s", "f", "t" àti "k" wà nínú ọ̀rọ̀ wa.

Ìlù wà nísàlẹ̀. Òkè-sódò ohùn Yorùbá náà wà nísàlẹ̀. Èyí ló fi jẹ́ pé Bàbá gbọ́ onídùndún yékéyéké, kò gbọ́ ẹ̀gà, ó sì gbọ́ ìyá oníṣòwò ní ààbọ̀. Ẹ pe "mẹ́ta" lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pe "mẹ́rin". Ẹ pe "mẹ́jọ". Ohùn wọn kò yàtọ̀ rárá, dọ̀ tàbí rẹ̀! Bí onílù bá lu ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó pè. Ìdí nìyẹn tí onílù kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, gbólóhùn gígùn ló máa ń lù kó lè yé wa. Bàbá gbọ́ orin ọ̀rọ̀ ìyá yẹn, kò gbọ́ "t" inú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ló fi mẹ́jọ dí i. Bàbá kò purọ́, ìyá kò purọ́, ọmọ iṣẹ́ kò sì gba rìbá. Irun wẹ́wẹ́ inú etí ló ti kú, òun ló lé ọmọ olọ́mọ lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ̀ ń sọ pé, "Bàbá àwọn ọmọ mi gbọ́ o, ó kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni," ẹ fara balẹ̀ o. Ó lè gbọ́ pé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀, kó má gbọ́ ohun tí ẹ̀ ń sọ.

ẸYẸ Ń HU TIRẸ̀ PADÀ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù nìyí. Títí di bí ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ rò pé bí irun etí bá ti kú, ó kú náà nìyẹn, ìbáà ṣe èèyàn, ìbáà ṣe ẹyẹ. Àfi bó ṣe di ọdún 1987 sí 1988. Douglas Cotanche àti Jeffrey Corwin fi ariwo ba etí òròmọdìyẹ jẹ́. Brenda Ryals àti Edwin Rubel ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹyẹ kan tó jọ àparò. Nígbà tí wọ́n tún wo inú etí náà, irun tuntun ti ń hù! Ẹyẹ ń hu etí padà bí ìgbà tí ewúro bá ń rúwé.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ rántí pé ẹyẹ tó ń kọrin, bí ọmọ tiwa ni. Ọmọ ẹyẹ á kọ́kọ́ gbọ́ orin lẹ́nu àgbà, á máa sọ kántankàntan bí ọmọ jòjòló, lẹ́yìn náà ni orin á tó gún. Bí ó bá dàgbà tó sì dití, orin rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, nítorí pé kò gbọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ní 2002, Sarah Woolley àti Rubel lo abẹ́rẹ́ kan àti ariwo líle fún ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní Bengalese finch. Etí rẹ̀ bàjẹ́, orin rẹ̀ sì dàrú. Nígbà tí irun etí hù padà, orin náà padà sọ́nà díẹ̀díẹ̀, ó sún mọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Àwa ńkọ́? Irun etí èèyàn kì í hù padà. Èyí tí a bí mọ́ wa ni a máa lò dé ojú ikú. Àwọn onímọ̀ ń wá bí wọ́n ṣe máa rí ohun tí ẹyẹ mọ̀ yìí fún wa, ṣùgbọ́n títí di òní, kò tíì sí oògùn tó ń hù ú padà fún ọmọ èèyàn. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró nínú bọ́ọ̀sì, tó ní oògùn tí òun ń kán sétí máa mú adití gbọ́ràn lọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ bi í léèrè pé ṣé ẹyẹ lẹ fi jọ.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ìròyìn àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní 2021 sọ pé ó lé ní 430 mílíọ̀nù èèyàn tí etí wọn bàjẹ́ débi pé wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́. Kì í ṣe ariwo ló fa gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ariwo ṣeé dènà.

Ìwọ̀n kan rèé tí kò gba owó: bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tí ọwọ́ yín lè kàn tó gbọ́ yín, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí etí lè fara dà. WHO sọ pé ariwo tó bá tó 80 decibel, kò yẹ kí etí gbà á ju 40 wákàtí lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá di 90, wákàtí mẹ́rin péré ni fún ọ̀sẹ̀ náà.

Pánẹ́lì-bítà, alágbẹ̀dẹ, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń la gẹdú, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lọ ata: ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń bo etí lẹ́nu iṣẹ́, bí èyí tó dà bí adé tó ń bo etí méjèèjì. Òwú lásán kò tó. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ibi tí ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí etí máa sinmi láàárín iṣẹ́. Ìyá alátà tó pọn ọmọ tuntun sẹ́yìn tó dúró ti ẹ̀rọ ata, jọ̀ọ́, gbé ọmọ yẹn kúrò níbẹ̀. Ọmọ tí kò bá gbọ́ràn dáadáa kò ní lè sọ̀rọ̀ dáadáa, bíi ti ẹyẹ náà ni.

Níbi ìnáwó, ẹ má jókòó sídìí sípíkà. Bí ẹ bá délé tí etí ń hó wìì, etí ló ń bẹ̀ yín yẹn.

Abẹ́rẹ́ gentamicin tí àwọn kan ń lọ gbà ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì láìrí dókítà, ó lè pa irun etí yìí gan-an. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí à ń dá gún.

Ìyẹ́ adìyẹ, ẹ dákun, ẹ má fi ro etí mọ́. Adìyẹ tó ni ín lè hu etí tuntun, ẹ̀yin kò lè hù ú.

Ẹni tí kò bá gbọ́ràn dáadáa mọ́, kó lọ sílé ìwòsàn. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí etí lásán ni, tàbí kí etí máa ṣọyún, ìyẹn sì ní ìtọ́jú. Bó bá sì jẹ́ pé irun ló ti kú, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sétí lè ranni lọ́wọ́.

Bàbá ti lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ fà á lọ ni. Wọ́n fi ẹ̀rọ sí i létí, wọ́n ní kó máa nawọ́ bó bá ti gbọ́ ohùn. Ohùn tó nípọn ń wọlé, ọwọ́ Bàbá ń lọ sókè. Ohùn ń tín-ínrín bọ̀, ọwọ́ Bàbá ń pẹ́ kó tó gbéra. Nígbà tó dé 4,000, Bàbá jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wojú dókítà, ó ń dúró de ohùn tó ti kọjá lọ.

Kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Iléṣà. Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Ọmọ yẹn kò mà ṣe mí ní nǹkan kan." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó lọ sílé àwọn òbí ọmọ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ó ní òun ló ṣe àṣìṣe, kí ọmọ padà wá. Àgbàlagbà Ìjẹ̀ṣà ni o, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ló ń bẹ ọmọ ogún ọdún! Ọmọ náà ti padà. Bí ẹ bá dé ọgbà iṣẹ́ Bàbá báyìí, ẹ ó rí gbogbo ọmọ iṣẹ́ pẹ̀lú ohun ìbotí lórí. Ẹni tó bá gbé òòlù láìbo etí, Bàbá á lé e jáde fún ọjọ́ yẹn. Bí oníbàárà bá sì pe iye owó, Bàbá á ní kó fi ìka kà á fún òun.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo bẹ̀ yín, lọ́la kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí jẹnẹrétọ̀ ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jókòó síta fún ìgbà díẹ̀. Ẹ pe ọmọdé kan jókòó tì yín. Ẹ bi í pé ẹyẹ wo ló ń gbọ́. Bí ọmọ bá gbọ́ ohun tí ẹ̀yin kò gbọ́, ẹ má sọ pé ẹyẹ ti tán nílùú.

Kí ẹ sì kọ̀wé sí wa. Ẹ sọ irú iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe, ẹ sọ ohun tí ariwo ti fojú yín rí. Ojú ìwé lẹ́tà wà fún yín. Ó dìgbà o.